Ẹ́ńjìnnì 911 tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe: ẹ má jẹ́ kí rọ́kà sọ owó yín di òfò

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 jẹun ló mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Wọ́n á ra písítìnnì, wọ́n á ra ríìngì àti bẹ́árìnnì, wọ́n á gbé bùlọ́ọ̀kù lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá irin, wọ́n á sì san owó iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ọkọ̀ á jáde, inú olówó á dùn, àmọ́ kò ní í pẹ́ tí awakọ̀ á fi máa sọ pé kò lágbára láti gun òkè, pé ó ń tú èéfín, tàbí pé ó ń ró kọ́-kọ́-kọ́ lókè. Nígbà míì, ohun tó fà á kì í ṣe ọjà tí wọ́n rà, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti fá irin. Àlàfo kan báyìí ni, tí kò ju ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà lọ, láàrin rọ́kà àti fáàfù, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n dáadáa.

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá ń tún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣe, sísẹ́ẹ̀tì rọ́kà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sísẹ́ẹ̀tì táápẹ́ẹ̀tì, wà lára èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Síbẹ̀, òun ló máa ń sọ bóyá owó ńlá tẹ́ ẹ ti ná sórí ìyókù máa pẹ́ tàbí kò ní í pẹ́.

Ẹ wo oníṣòwò tó ní 911 kan ṣoṣo, tó fi ń kó pákó láti Oǹdó wá sí Èkó. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kò sí owó tó ń wọlé, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ àti ọmọ mọ́tò fẹ́ jẹun, oníbàárà tó fẹ́ gba pákó sì ti ń wá ọkọ̀ ẹlòmíì. Bí ọkọ̀ náà bá tilẹ̀ ń rìn pẹ̀lú fáàfù tí kò sẹ́ẹ̀tì, dísẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbé e dé Èkó lè má gbé e débẹ̀. Lọ́dún 2024, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá rántí ìyẹn kò ní í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí.

IṢẸ́ TÍ RỌ́KÀ Ń ṢE

911 wà lára àwọn ọkọ̀ onímú kúkúrú tí Mercedes-Benz bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì lọ́dún 1959. Nínú orúkọ rẹ̀, 9 dúró fún nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ìyẹn ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ lápapọ̀, nígbà tí 11 dúró fún nǹkan bí agbára ẹṣin 110. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni OM 352, tó jáde lọ́dún 1964. Sílíńdà mẹ́fà ló ní, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, lítà 5.7 sì ni àyè inú gbogbo sílíńdà náà.

Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní fáàfù méjì. Èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ínlẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń jẹ́ kí èéfín jáde ni wọ́n ń pè ní ẹ̀sọ́ọ̀sì. Fáàfù méjìlá ló wà nínú ẹ́ńjìnnì kan, rọ́kà méjìlá ló sì ń ti wọn. Rọ́kà dà bí apá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ọ̀pá há láàrin. Káàmù-ṣáàfù tó wà nísàlẹ̀ máa gbé táápẹ́ẹ̀tì sókè, táápẹ́ẹ̀tì máa ti irin gígùn tó ń jẹ́ púṣì-rọ́ọ̀dù, púṣì-rọ́ọ̀dù á gbé ẹ̀gbẹ́ kan rọ́kà sókè, ẹ̀gbẹ́ kejì á sì tẹ fáàfù wálẹ̀ kó lè ṣí. Bí káàmù bá ti yí kọjá, sípíríìngì á fa fáàfù padà sókè kó lè tì.

Káàmù-ṣáàfù máa ń yí lẹ́ẹ̀kan bí kíránkì-ṣáàfù bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bí kíránkì bá ń yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń tì ní ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú náà, ìyẹn ogún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àṣìṣe kékeré tó bá wà níbẹ̀ kò ní í dúró ní kékeré.

KÍ NÌDÍ TÍ ÀLÀFO FI GBỌ́DỌ̀ WÀ?

Irin tó bá gbóná máa ń gùn sí i. Fáàfù tó wà nínú iná á gùn ju bó ṣe wà lọ nígbà tó tutù. Bí kò bá sí àlàfo láàrin òun àti rọ́kà nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, nígbà tó bá gbóná, rọ́kà á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ díẹ̀, kò sì ní í lè tì pa.

Ohun tó ń ba fáàfù ẹ̀sọ́ọ̀sì jẹ́ gan-an nìyẹn. Èéfín tó gbóná janjan ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ìgbà tó bá sì jókòó pa sórí ìjókòó rẹ̀ ló ti ń rí ibi da ooru yẹn sí. Fáàfù tí kò bá jókòó pa kò níbi tó máa da ooru sí, iná á sì máa gba etí rẹ̀ yọ títí tó fi máa jó. Bó bá ti jó, sílíńdà náà kò lè pa afẹ́fẹ́ mọ́ra mọ́, ó sì di dandan kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù sílíńdà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kí ọkọ̀ sì tún jókòó.

Bí àlàfo bá sì pọ̀ jù, ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀. Fáàfù á pẹ́ kó tó ṣí, á tètè tì, kò sì ní í ṣí dé ibi tó yẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á dín kù, agbára á lọ sílẹ̀, rọ́kà á sì máa gbá orí fáàfù bí òòlù.

Fún OM 352, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni 0.20 mm fún ínlẹ́ẹ̀tì àti 0.30 mm fún ẹ̀sọ́ọ̀sì. Ti ẹ̀sọ́ọ̀sì fi pọ̀ jù nítorí pé òun ló ń gbóná jù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ 911 tó ń rìn lójú títì lónìí ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí tòkunbọ̀ míì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan rọ́kà, kí ó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà lára bùlọ́ọ̀kù, kí ó sì bá ìwé ẹ́ńjìnnì yẹn mu. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì kan kì í ṣe ìwọ̀n òmíràn.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ Ń TÚ U

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń tú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n da gbogbo irin pọ̀ sínú àwo kan ṣoṣo. Púṣì-rọ́ọ̀dù, táápẹ́ẹ̀tì àti rọ́kà tó ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ọdún pípẹ́ ti jẹ ara wọn mọ́ra. Bí wọ́n bá gbé táápẹ́ẹ̀tì sílíńdà kìíní sórí káàmù sílíńdà kẹrin, wọ́n ti so àjèjì pọ̀ mọ́ àjèjì nìyẹn, méjèèjì á sì tètè jẹ ara wọn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ wá páálí kan, ẹ lu ihò méjìlá sí i, ẹ kọ nọ́ńbà 1 títí dé 12 sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, kí mẹkáníìkì máa fi púṣì-rọ́ọ̀dù sínú ihò tirẹ̀ bó bá ṣe ń yọ ọ́. Kó to rọ́kà àti táápẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Níwájú, lọ́dọ̀ fáànù, ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí ibẹ̀ ni sílíńdà kìíní wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ohun mẹ́rin ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni ojú rọ́kà tó ń tẹ fáàfù. Ó yẹ kó dán, kó sì tẹ́jú bó ṣe yẹ. Bí ìka bá lè mọ kòtò níbẹ̀, fíílà géèjì tí wọ́n fi ń wọn àlàfo á máa tan yín jẹ. Ẹ gbà pé kòtò náà jìn tó 0.10 mm. Fíílà 0.30 máa gùn lé etí kòtò méjèèjì, mẹkáníìkì á sì rò pé òun ti wọ̀n ọ́n dáadáa, bẹ́ẹ̀ àlàfo tòótọ́ ti di 0.40 mm. Irú rọ́kà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ojú líle rọ́kà kì í nípọn. Bí wọ́n bá fá a kọjá rẹ̀, irin rírọ̀ ló kù, kò sì ní í pẹ́ tó máa tún fi jẹ.

Ìkejì ni bọ́ṣì inú rọ́kà àti ọ̀pá tó wà lórí rẹ̀. Ẹ di rọ́kà mú lórí ọ̀pá, ẹ mì í sókè sódò. Bó bá ń já gọ̀ọ́-gọ̀ọ́, bọ́ṣì ti lọ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ló sábà máa ń jẹ, nítorí púṣì-rọ́ọ̀dù ń ti rọ́kà sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, sípíríìngì fáàfù ń tì í sókè ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn kan máa ń yí ọ̀pá náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò tíì jẹ lè kọjú sísàlẹ̀. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ihò ọ́ìlì wà lára ọ̀pá náà, bí ihò bá kọjú síbi tí kò yẹ, ọ́ìlì kò ní í dé ibi tó ń jẹ, rọ́kà á sì gbẹ.

Ìkẹta ni púṣì-rọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e sórí gíláàsì tó tẹ́jú, ẹ yí i. Èyí tó bá ń fò pẹ́tẹ́-pẹ́tẹ́ ti tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù nà án padà, ẹ ra òmíràn.

Ìkẹrin ni ọ̀nà ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ń dé orí rọ́kà máa ń gba ọ̀nà tóóró kọjá nínú bùlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà. Èérí ọ́ìlì àtijọ́ àti èyí tó jábọ́ nígbà tí wọ́n ń fá irin lè dí i. Kí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti afẹ́fẹ́ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ là á, kí wọ́n sì rí i pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò bo ihò rẹ̀.

FÍFÁ IRIN Ń YÍ ÌWỌ̀N PADÀ

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò mọ̀. Bí wọ́n bá fá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà tàbí ojú bùlọ́ọ̀kù, rọ́kà ti sún mọ́ káàmù-ṣáàfù nìyẹn, àmọ́ gígùn púṣì-rọ́ọ̀dù kò yí padà. Bí wọ́n bá sì fá ìjókòó fáàfù, fáàfù á wọnú lọ sí i, ìdí rẹ̀ á sì yọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Méjèèjì ló ń dín àlàfo kù. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí kò sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lákọ̀tun, lè fi fáàfù tó ń ṣí sílẹ̀ gbé ọkọ̀ jáde.

Ó tún yẹ kí wọ́n mọ ibi tí rọ́kà ń tẹ̀ lórí fáàfù. Kí wọ́n fi íńkì máákà kun orí fáàfù kan, kí wọ́n fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní ìgbà bíi mélòó kan, kí wọ́n wá wo ibi tí íńkì náà ti pa. Àárín orí fáàfù tàbí ìtòsí rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ pé etí ló ti pa, rọ́kà á máa ti fáàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò tí fáàfù ń gbà á sì tètè gbòòrò. Èyí túmọ̀ sí pé irin tí wọ́n fá ti pọ̀ jù fún púṣì-rọ́ọ̀dù yẹn, tàbí pé ìjókòó rọ́kà kò sí níbi tó yẹ. Ìgbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá dé Ọ̀rẹ̀.

BÍ WỌ́N BÁ Ń DÈ É PADÀ

Kí wọ́n tó gbé ọ̀pá rọ́kà lé e, kí wọ́n kọ́kọ́ tú gbogbo sukurú tí wọ́n fi ń sẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ dáadáa. Bí wọn kò bá tú u, tí wọ́n wá ń fi agbára de ìjókòó rọ́kà mọ́lẹ̀, rọ́kà lè ti fáàfù bá orí písítìnnì. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, àyè tó wà láàrin fáàfù àti písítìnnì kéré gan-an. Ohun tó máa tẹ̀ kọ́kọ́ ni púṣì-rọ́ọ̀dù, bí kò bá jẹ́ fáàfù fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n fi ọ́ìlì tó mọ́ kun bọ́ṣì, ojú rọ́kà àti orí púṣì-rọ́ọ̀dù méjèèjì. Kí wọ́n rí i pé púṣì-rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ti jókòó sínú táápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa de bóòtù ìjókòó rọ́kà díẹ̀ díẹ̀, láti àárín lọ sí eteetí, kí ó lè wálẹ̀ lọ́gbọọgba. Ẹni tó bá de ẹ̀gbẹ́ kan pa kó tó lọ sí èkejì lè tẹ ọ̀pá rọ́kà. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Tọ́ọ̀kì sípánà ni kí wọ́n fi dè é kẹ́yìn, pẹ̀lú ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi yí ẹ́ńjìnnì ní àkọ́kọ́, odindi ìgbà méjì. Bó bá há níbì kan, kí wọ́n dúró, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń SẸ́Ẹ̀TÌ RẸ̀

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ẹ fi gíà sí níútírà, ẹ ti bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ sì rí i pé dísẹ́ẹ̀lì kò lè wọlé. Apá ibi tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n máa fi ọwọ́ yí i sí.

Ẹ mọ fáàfù wo ni ínlẹ́ẹ̀tì, èwo ni ẹ̀sọ́ọ̀sì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ojú lásán méfò. Èyí tó bá kọjú sí ihò páìpù tí èéfín ń gbà jáde ni ẹ̀sọ́ọ̀sì, èyí tó bá kọjú sí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni ínlẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ínlẹ́ẹ̀tì sẹ́ẹ̀tì ẹ̀sọ́ọ̀sì ti fún un pa nìyẹn.

Iná máa ń bọ́ sínú sílíńdà OM 352 báyìí: 1-5-3-6-2-4. Sílíńdà 1 àti 6 jọ ń lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni 5 àti 2, àti 3 àti 4. Bí ọ̀kan bá wà níbi tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì ti ń pààrọ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀sọ́ọ̀sì ń gòkè láti tì nígbà tí ínlẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti ṣí, fáàfù méjèèjì ìkejì rẹ̀ ti tì pa, wọ́n sì ṣe é sẹ́ẹ̀tì. Bí ó ṣe máa lọ nìyí:

Fáàfù sílíńdà 6 ń pààrọ̀: ẹ sẹ́ẹ̀tì sílíńdà 1.
Fáàfù sílíńdà 2 ń pààrọ̀: ẹ sẹ́ẹ̀tì sílíńdà 5.
Fáàfù sílíńdà 4 ń pààrọ̀: ẹ sẹ́ẹ̀tì sílíńdà 3.
Fáàfù sílíńdà 1 ń pààrọ̀: ẹ sẹ́ẹ̀tì sílíńdà 6.
Fáàfù sílíńdà 5 ń pààrọ̀: ẹ sẹ́ẹ̀tì sílíńdà 2.
Fáàfù sílíńdà 3 ń pààrọ̀: ẹ sẹ́ẹ̀tì sílíńdà 4.

Láti orí ọ̀kan sí èkejì, ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta yíyí kíránkì ni. Bí kíránkì bá fi máa yí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ti ṣe méjìlá tán.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò le. Kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì tó de sukurú mọ́lẹ̀, kí wọ́n ti fíílà bọ àárín rọ́kà àti orí fáàfù, kí wọ́n wá fi sukurudiráfà yí sukurú títí tí fíílà á fi máa fà díẹ̀ bí wọ́n bá ń fà á jáde, bí ìgbà tí ènìyàn fa bébà tí ẹlòmíì fi ìka méjì rọra dì mú. Kí wọ́n di sukurú náà mú, kí wọ́n wá de nọ́ọ̀tì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Bí nọ́ọ̀tì bá ń pa, ó sábà máa ń fa sukurú yí díẹ̀, àlàfo á sì yí padà. Nítorí náà, dandan ni kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn tí nọ́ọ̀tì bá ti pa.

Ọ̀nà kan wà tí ẹni tó ni ọkọ̀ fi lè yẹ iṣẹ́ náà wò, bí kò tilẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì. Lórí ínlẹ́ẹ̀tì, fíílà 0.20 gbọ́dọ̀ wọlé, ti 0.25 kò gbọdọ̀ wọlé. Lórí ẹ̀sọ́ọ̀sì, ti 0.30 gbọ́dọ̀ wọlé, ti 0.35 kò gbọdọ̀ wọlé. Bí èyí tó nípọn jù bá wọlé, ó ti dẹ̀ jù. Bí èyí tó yẹ kò bá sì wọlé, ó ti fún jù.

KÍ WỌ́N TÓ BO Ó, ÀTI LẸ́YÌN TÓ BÁ TI RÌN

Kí wọ́n má tíì gbé ìdérí rọ́kà lé e. Kí wọ́n fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé dísẹ́ẹ̀lì ń wọlé, fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe, títí tí ọ́ìlì á fi yọ lórí gbogbo rọ́kà méjìlá. Rọ́kà tó bá gbẹ nígbà tí àwọn yòókù ti tutù fún ọ́ìlì, ọ̀nà tirẹ̀ ti dí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ́ìlì á dé ibẹ̀ bó bá yá.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Lórí àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ báyìí, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà máa ń jókòó sí i lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbóná, tó sì ti rìn díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tún bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà dè, ní iye kìlómítà tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ. Bí tọ́ọ̀pù sílíńdà bá sì ti wálẹ̀, rọ́kà ti bá a wálẹ̀ nìyẹn, àlàfo sì ti dín kù. Ẹni tó bá tún bóòtù dè, tí kò tún rọ́kà sẹ́ẹ̀tì, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba èyí tó ṣe tẹ́lẹ̀ jẹ́.

Ìpadàwá ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin onímọ́tò àti mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì á ní òun ti parí iṣẹ́ òun, onímọ́tò á ní òun ti sanwó tán, ọkọ̀ á sì máa rìn láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n fẹnu kò lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ pé sísẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kejì wà nínú owó iṣẹ́, kí wọ́n sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó náà tí ó máa gbà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá padà wá.

OHUN TÓ YẸ KÍ ONÍṢÒWÒ ṢE

Ẹ ra fíílà géèjì tiyín. Wọ́n ń tà á ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, irú bíi Ládìípọ̀ ní Múṣin, ẹyọ kan sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹ bá ń nu ọ́ìlì sí i. Mẹkáníìkì tó bá sọ pé òun kò nílò rẹ̀, pé etí lòun fi ń gbọ́ ọ, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé ẹ̀yin nílò rẹ̀.

Ẹ ní ìwé kékeré fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n sẹ́ẹ̀tì rọ́kà, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, àti ìwọ̀n tí wọ́n bá lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó yí i. Bí ẹ̀ẹ̀kejì bá dé, ẹ fi wé ti àkọ́kọ́. Fáàfù tí àlàfo rẹ̀ ń dín kù ní gbogbo ìgbà ń sọ fún yín pé ìjókòó rẹ̀ ń jẹ. Èyí tí tirẹ̀ ń pọ̀ sí i ń sọ pé rọ́kà, táápẹ́ẹ̀tì tàbí káàmù ló ń jẹ. Ẹ lè wá owó ọjà náà sílẹ̀ kó tó di pé ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ kọ́ awakọ̀ yín láti máa fetí sílẹ̀, àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún un pé kó má fi ìdákẹ́jẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ. Rọ́kà tó dẹ̀ máa ń pariwo, gbogbo èrò ibùdókọ̀ ló ń gbọ́ ọ. Èyí tó fún jù kì í dún rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jó fáàfù. Awakọ̀ tó bá wá sọ pé ariwo tó wà lókè ẹ́ńjìnnì ti lọ fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò mú ìròyìn ayọ̀ wá. Kí ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí náà lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù.

Ẹ tún mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èéfín dúdú tàbí àìlágbára ni ti rọ́kà. Nọ́sù tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì lè ti bàjẹ́, pọ́ǹpù lè má sẹ́ẹ̀tì, asẹ́ afẹ́fẹ́ sì lè ti dí. Àmọ́ yíyẹ rọ́kà wò kò gbọ̀ngbọ̀n, kò sì béèrè ọjà tuntun, nítorí náà ó dára kí wọ́n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ní kí ẹ lọ ra pọ́ǹpù.

Ẹni tó bá ti ná owó sórí písítìnnì, ríìngì àti bẹ́árìnnì, kó má ṣe kánjú gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó parí iṣẹ́. Kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sùn, kó tutù di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó sì dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi fíílà wọn rọ́kà méjèèjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kó san owó tó kù, kó gba kọ́kọ́rọ́, kó sì ní kí awakọ̀ lọ gbé ẹrù.